Ojú ìwé 212 ni wọ́n kó wá: kí ni kí n máa wá nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta là ń kọ́ lọ́wọ́ ní Tanke níbí. Ọ̀dọ̀ àwọn olùdámọ̀ràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ iná mànàmáná ni mo kọ́ ní yunifásítì. Agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ti kó submittal BMS wá, ìyẹn ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ lò fún ètò kọ̀ǹpútà tó máa darí àwọn ẹ̀rọ ilé náà, ojú ìwé 212, ọ̀gá mi sì ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo ti ka ojú ìwé 60, gbogbo ohun tí mo rí ló dára lójú mi. Kí ni kí n máa wá gan-an?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni kí o máa wá.

Mo mọ̀ pé ó jọ àlọ́, jẹ́ kí n tú u. Nínú ojú ìwé 212 yẹn, mo lè fi orí mi ta á pé èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ìwé ọjà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ. A máa ń kì Ìlọrin pé ẹnu dùn juyọ̀. Ẹnu ìwé ọjà tún dùn jù ú lọ. Ẹni tó fẹ́ tajà kì í kọ àléébù ọjà rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà bí o bá ka 152 tó kù, gbogbo rẹ̀ náà ni yóò dára lójú rẹ. Pa á dé. Gbé ìwé àlàyé iṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní spec, kí o kà á tán kí o tó tún ṣí tiwọn.

Ìyá ìyàwó tó fẹ́ kí wọ́n hun aṣọ òkè fún òun kì í dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ kó máa bi í bóyá òwú rẹ̀ dára. Ó ti mọ àwọ̀ tó ń fẹ́, ó ti mọ iye ènìyàn tó máa wọ̀ ọ́, ó ti mọ̀ bóyá òun fẹ́ èyí tó ní ihò àbí èyí tí kò ní. Ahunṣọ á hun díẹ̀ fún un wò kó tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ìyá yẹn ni spec, díẹ̀ tí ahunṣọ fi hàn án ni submittal. Bí ìyá náà ò bá rántí ohun tó béèrè, aṣọ tí ahunṣọ bá ní nílé ló máa gbé lọ.

Bí spec yín bá tẹ̀lé nọ́ńbà MasterFormat tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, bí ọ̀pọ̀ tí mo ń rí níbí ṣe ń tẹ̀ lé e, ìdarí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní 23 09 00 àti àwọn ìpín abẹ́ rẹ̀. Ètò ìṣiṣẹ́, ìyẹn àlàyé lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe máa ṣe, sábà máa ń wà ní 23 09 93. Àwọn kan á kó gbogbo ìdarí ilé sí Division 25. Ka 01 33 00 náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ bí submittal ṣe gbọ́dọ̀ wá. Ka Division 26 ti iná àti Division 28 ti ìkìlọ̀ iná-ilé, ó kéré tán ibi tí wọ́n ti dárúkọ BMS. Ohun tí spec ìdarí kò sọ lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Kí o tó ka ohunkóhun, wò ó bóyá òǹtẹ̀ agbaṣẹ́ṣe àgbà wà lára rẹ̀ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí, dá a padà lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń fẹ́ kí o bá wọn ṣe.

Ó yá, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Apá mẹ́ta ló ṣe pàtàkì nínú submittal: ètò ìṣiṣẹ́, àkọsílẹ̀ point, àti àwòrán. Ohun kọ̀ọ̀kan tí BMS ń kà tàbí tó ń pàṣẹ fún ni point: ooru kan, fáàfù kan, ìbẹ̀rẹ̀ fáànù kan. Ìwé ọjà ló wà lẹ́yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo mú gbólóhùn kan nínú ètò ìṣiṣẹ́ inú spec, mo so òwú mọ́ ọn, mo sì tọ òwú náà títí dé ìwé ọjà. Ibi tí òwú bá ti já, ibẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ mi sí.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ ilé ìwòsàn, yàrá iṣẹ́ abẹ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ìlànà 170 ti ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ spec ilé ìwòsàn máa ń tọ́ka sí, ní kí ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú yàrá iṣẹ́ abẹ fi ó kéré tán 2.5 Pa (pascal, òṣùwọ̀n ìfúnpá) ju ti àwọn yàrá tó yí i ká lọ, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé ìdọ̀tí wọlé bá ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀. Ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ 20 ní wákàtí kan, ooru láàrin 20 sí 24°C, ọ̀rinrin láàrin 20 sí 60%. Ká ní spec yín sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí BMS kígbe bí ìfúnpá bá já wálẹ̀. Tọ òwú náà. Ṣé gbólóhùn yẹn wà nínú ètò ìṣiṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn kọ, àbí wọ́n kàn da ti spec kọ láìyí ohunkóhun padà? (Èyí tí wọ́n dà kọ kò fi hàn pé ó yé wọn. Mo máa ń béèrè pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn kọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀rọ tiwọn.) Ṣé sẹ́nsọ̀ ìfúnpá wà nínú àkọsílẹ̀ point fún yàrá iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan? Ṣé ó wà lórí àwòrán, ṣé wọ́n sì fi hàn lórí ògiri wo?

Bí gbogbo ìyẹn bá pé, má tíì sinmi. Mo rí submittal kan rí tí òwú náà kò já títí mo fi dé ìwé ọjà. Sẹ́nsọ̀ wà níbẹ̀, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ti 0 sí 2,500 Pa ni, irú èyí tí à ń lò nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ńlá. Ìwé rẹ̀ ní àṣìṣe rẹ̀ kò ju 1% lọ. Ó dùn létí, àmọ́ 1% gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, 1% nínú 2,500 sì jẹ́ 25 Pa. Ohun tí à ń wá kò ju 2.5 lọ. Ẹni tó gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn màlúù lọ wọn òrùka wúrà ni. Sẹ́nsọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 25 Pa nísàlẹ̀ òdo dé 25 Pa lókè rẹ̀, pẹ̀lú 1% kan náà, àṣìṣe rẹ̀ ò ju 0.5 Pa lọ. Iye owó àwọn méjèèjì lè má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Ẹni tó to ìwé náà pọ̀ kò kàn bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí sẹ́nsọ̀ fẹ́ ṣe.

So òwú mìíràn mọ́ fílítà. Ìwọ náà mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe ní Ìlọrin láti oṣù Kejìlá: o nu mọ́tò láàárọ̀, ọ̀sán eruku ti bò ó. Fílítà ẹ̀rọ amúlétutù ń fa eruku yẹn náà. Ohun tó máa sọ fún BMS pé fílítà ti dí ni ohun èlò kékeré kan tó ń fi ìfúnpá iwájú fílítà wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ló sábà máa ń sọnù nínú àkọsílẹ̀ point, nítorí ó pọ̀ níye, kò sì sẹ́ni tó máa ń wá a. Kà á. Bí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá bá jẹ́ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní fílítà onípele méjì, 16 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bí spec bá sọ pé kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọ̀rinrin ńkọ́? Bí ètò ìṣiṣẹ́ bá ní kí ọ̀rinrin má ju 60% lọ ní àsìkò òjò, tí kò sì sí sẹ́nsọ̀ ọ̀rinrin kankan nínú àkọsílẹ̀, kí ni BMS máa fi mọ̀? Àbí àlá ni yóò lá?

Nígbà tí o bá ti ka point tán, fi iye rẹ̀ wé ẹnu kọntiróólà, ìyẹn ojú ibi tí wáyà point kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ lára kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ. Bí spec bá ní kí 20% ṣófo fún ọjọ́ iwájú, tí ẹ̀rọ kan sì ní point 14, kọntiróólà ẹlẹ́nu 16 kò tó. Wo irú ẹnu pẹ̀lú: ẹnu tó ń gba ìròyìn kò lè ṣe iṣẹ́ ẹnu tó ń pàṣẹ.

Fáàfù yẹ fún ìṣirò kan péré, má jẹ́ kí ó bà ọ́ lẹ́rù nítorí pé iná lo kọ́. Kv fáàfù jẹ́ iye omi, ní mítà onígun mẹ́ta fún wákàtí kan, tó máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ìfúnpá bá fi bar 1 dín kù. Ká ní koìlì kan, páìpù títẹ̀ tí omi tútù ń gbà kọjá láti mú afẹ́fẹ́ tutù, ń fẹ́ 3.6, spec sì gbà kí fáàfù jẹ 25 kPa nínú ìfúnpá omi, ìyẹn bar 0.25. Pín 3.6 fún gbòǹgbò onílọ́po méjì 0.25, ìyẹn 0.5, Kv rẹ jẹ́ 7.2. Bí submittal bá mú Kv 16 wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwọ̀n páìpù ni wọ́n fi yan fáàfù. Fáàfù yẹn kò ní jẹ ju nǹkan bí 5 kPa lọ. Bí koìlì àti páìpù ẹ̀ka yẹn bá ń jẹ 45, a jẹ́ pé ìdá mẹ́wàá agbára ẹ̀ka náà ló wà lọ́wọ́ fáàfù tó yẹ kó máa darí omi. Yóò ṣí díẹ̀, omi á ti kún. Yóò tì díẹ̀, omi á dá. Yàrá á máa tutù, á máa gbóná, àwọn nọ́ọ̀sì á sì máa sọ pé BMS yín ò dára, nígbà tó jẹ́ pé fáàfù ló tóbi jù.

Iná náà nìyí, ibi tí ìwọ mọ̀ jù mí lọ. Wo tiransífọ́mà kékeré tó ń fún kọntiróólà ní 24 V. Ọjà láti Amẹ́ríkà máa ń wá pẹ̀lú ti 120 V, 60 Hz. Tiwa jẹ́ 230 V, 50 Hz. Mo ti rí i nínú submittal ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹni tó gbà á wọlé lórí rẹ̀. Wo ohun tí kọntiróólà máa ṣe bí iná bá lọ tó tún dé. Ṣé ètò rẹ̀ wà nínú iranti tí kì í nù? Ṣé aago rẹ̀ ní bátìrì? Ṣé spec ní kí UPS wà, ṣé ó sì wà lórí àwòrán? Èyí tó ṣe kókó jù ní àdúgbò wa ni bí ẹ̀rọ ṣe máa jí padà. Bí chiller (ẹ̀rọ ńlá tó ń mú omi tutù), pọ́ǹpù àti gbogbo fáànù bá jí lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé iná, jẹnẹrétọ̀ yóò kú, wọn á tún tan án, yóò tún kú. Ètò ìṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ èwo ló máa kọ́kọ́ jí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni èkejì á tẹ̀lé e. Nínú ọ̀pọ̀ submittal, ibẹ̀ ṣófo ni.

BACnet, èdè tí àwọn ẹ̀rọ ìdarí ilé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lè gba ọ lákòókò, àmọ́ má jẹ́ kó gbà á ju bó ti yẹ lọ. ASHRAE ló gbé e jáde ní 1995 gẹ́gẹ́ bí ìlànà 135, ó di ISO 16484-5 ní 2003, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan lè bá ti òmíràn sọ̀rọ̀. Bí ìwé ọjà bá sọ pé ẹ̀rọ "bá BACnet mu", ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn. Béèrè ìwé PICS rẹ̀, èyí tó to ohun tí ẹ̀rọ náà lè sọ àti èyí tí kò lè sọ lẹ́sẹẹsẹ, sì béèrè ẹ̀rí BTL, ìyẹn ẹ̀rí pé wọ́n ti dán BACnet rẹ̀ wò, bí spec bá fẹ́ ẹ. Lórí okùn MS/TP, wáyà tí BACnet máa ń gbà láàrin àwọn kọntiróólà, àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní master kò ju 0 sí 127 lọ, gbogbo ẹ̀rọ okùn kan gbọ́dọ̀ máa sáré ní ìwọ̀n kan náà, wáyà sì gbọ́dọ̀ lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, kì í ṣe kí ó yọ ẹ̀ka bí igi. Bí àwòrán bá fi ẹ̀ka hàn, fi pupa yí i ká.

Nínú àwòrán kan náà, wá gbólóhùn kékeré tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀: "by others", ìyẹn pé ẹlòmíràn ló máa ṣe é. Gbólóhùn yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ ní sáìtì ju owó lọ. Ta ni ẹlòmíràn yẹn? Ta ló máa jó ihò sẹ́nsọ̀ sára páìpù? Ta ló máa fa iná 230 V dé pánẹ́ẹ̀lì ìdarí? Ta ló máa ra káàdì tí ẹ̀rọ tó ń darí ìyára fáànù máa fi bá BMS sọ̀rọ̀? Ta ló máa fa wáyà láti pánẹ́ẹ̀lì ìkìlọ̀ iná-ilé kí fáànù lè kú nígbà tí èéfín bá dé? Gbogbo ibi tí o bá ti rí "by others", lọ wá a nínú ìwé agbaṣẹ́ṣe yòókù. Bí oníná náà bá kọ "by others" síbi kan náà, iṣẹ́ aláìní-baba lo rí yẹn. Sáré sọ fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ó ti tó ọdún mélòó kan, ilé ọ́fíìsì kan ni, ní Ìlọrin yìí náà. Mo yẹ submittal BMS rẹ̀ wò, mo ka point, mo ṣe ìṣirò fáàfù, orí mi wú. Ìpínrọ̀ kan wà lẹ́yìn spec tí mo fojú fò, pé onílé ni yóò ni sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ṣètò kọntiróólà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ àti gbogbo páswọ́ọ̀dù. Submittal kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èmi náà kò béèrè. Mo tẹ òǹtẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún onílé, ó fẹ́ kí wọ́n yí ooru yàrá kan kúrò ní 22 sí 24. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rí nọ́ńbà náà lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò sì lè fọwọ́ kàn án. Ó di dandan kí ẹnìkan ti Èkó wá, pẹ̀lú owó ọkọ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó iṣẹ́, láti tẹ nọ́ńbà méjì. Baba náà ò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ẹnjiníà, ṣé èmi ni mo ni ilé yìí?" Láti ìgbà náà, ìpínrọ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ pé àwa ọmọ Ọ̀fà ló yẹ kí a sọ ọ́, torí ìjàkadì lorò wa: má bá agbaṣẹ́ṣe jà lórí ohun tí kò sí nínú àdéhùn. Wàá rí ohun tó wù ọ́ kí spec ti béèrè. Kò béèrè rẹ̀. Bí o bá fi bírò pupa kọ ọ́ sórí submittal, owó tuntun lo ń ná fún onílé láìgba àṣẹ, agbaṣẹ́ṣe á sì mú ìwé náà dání wá gba owó rẹ̀. Bí ọ̀ràn jíjí ẹ̀rọ lórí jẹnẹrétọ̀ tí mo sọ lókè kò bá sí nínú spec yín, lẹ́tà lọ́tọ̀ ni kó gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ àti onílé. Spec náà lè ṣàṣìṣe. Mo ti rí spec iṣẹ́ ní Kwara tó béèrè ohun èlò tó ń pa fáànù kí omi inú koìlì má bàa di yìnyín. Ní Ìlọrin! Agbaṣẹ́ṣe sì ti fi owó rẹ̀ sínú iye iṣẹ́. Bí o bá rí irú rẹ̀, má fọwọ́ ara rẹ yọ ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí onílé lè gba owó rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ tí o bá kọ, jẹ́ kó ní nọ́ńbà ojú ìwé submittal àti nọ́ńbà ìpínrọ̀ spec. "Kò dára tó" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. "Ojú ìwé 88, sẹ́nsọ̀ ìfúnpá yàrá iṣẹ́ abẹ, 0–2,500 Pa: kò lè wọn ohun tí ìpínrọ̀ báyìí béèrè, ẹ mú èyí tó bá a mu wá" á bọ́ sí i. Níbi tí wọ́n bá ti yà kúrò nínú spec, wọ́n yẹ kó ti fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá kọ ọ́, òǹtẹ̀ rẹ kò sọ ìyapa náà di ohun tí a gbà, nítorí ọ̀pọ̀ àdéhùn sọ gbangba pé àyẹ̀wò olùdámọ̀ràn kò yọ agbaṣẹ́ṣe kúrò nínú ojúṣe rẹ̀. Síbẹ̀, má gbára lé ìyẹn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé spec lọ kóòtù lẹ́yìn tí wọ́n ti ti àjà pa.

Nípa ọjọ́, wo àdéhùn yín. Nínú ìwé yẹ́lò ti 1999 láti ọ̀dọ̀ FIDIC, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà olùdámọ̀ràn lágbàáyé tó ń ṣe àpẹẹrẹ àdéhùn, àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 21 lọ bí wọn ò bá kọ iye mìíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀gá rẹ fún ọ tó. Lo ọjọ́ mẹ́ta fún spec nìkan. Lo ọ̀sẹ̀ kan fún òwú rẹ, kí o bẹ̀rẹ̀ láti yàrá iṣẹ́ abẹ, kí o sì fi ìwé ọjà ṣe ìkẹyìn. Bí àṣìṣe bá pọ̀, yan òǹtẹ̀ "ẹ tún un ṣe kí ẹ tún un gbé wá", má yan "a gbà á pẹ̀lú àtúnṣe" kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán. Èyí tí o bá gbà pẹ̀lú àtúnṣe 40, o ò ní rí àtúnṣe yẹn mọ́ títí ẹ̀rọ á fi dé sáìtì nínú páálí.

Bí o bá ti dé orí ètò ìṣiṣẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ tí òwú kan sì já lọ́wọ́ rẹ, ya àwòrán ojú ìwé náà àti ìpínrọ̀ spec rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ráyè.